Ọmọ mẹ́rìnlá, ìwé Fágúnwà kan, àti ẹni tó ń dìbò láti ojú fèrèsé

Ẹ jẹ́ n tètè kọ eléyìí sílẹ̀ kí n tó gbàgbé, torí tí sáà tuntun bá fi wọlé báyìí gbogbo ẹ̀ á ti dàrú mọ́ra lórí mi. Kíláàsì Yorùbá SS2 ni, Kubwa níbí, ní Abuja, iléèwé aládàáni kan tí mi ò ní dárúkọ. Àwa mẹ́ta la jẹ́ tíṣà èdè níbẹ̀, ẹnì kan fún Hausa, ẹnì kan fún Igbo, èmi fún Yorùbá, tí àkókò èdè bá tó kíláàsì á pín sí mẹ́ta, àwọn Hausa ló máa ń gba yàrá ńlá torí wọ́n pọ̀, èmi àtàwọn ọmọ tèmi á kó ara wa lọ sí yàrá kékeré kan tó wà lẹ́yìn láàbù, fáànù ẹ̀ ti kú tipẹ́, fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, kọ́rídọ̀ ni fèrèsé ọ̀hún sì kọjú sí. Ẹ fi fèrèsé yẹn sọ́kàn, iṣẹ́ ń bọ̀ tó máa ṣe.

Ọmọ mẹ́rìnlá. Tí mo bá ní ọmọ Yorùbá ni wọ́n ẹ má rò pé Yorùbá ń já bọ́ lẹ́nu wọn bí ẹni ń rọ òjò o. Mẹ́ta péré ló ń sọ ọ́ látilé dé iléèwé. Àwọn tó kù, ìyá wọn á fi Yorùbá pè wọ́n, wọ́n á fi Gẹ̀ẹ́sì jẹ́, wọ́n á fi Hausa ná ọjà, tí ìjà bá dé, ó di pidgin. Ọ̀kan wà nínú wọn tí bàbá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Ọ̀fà tí ìyá ẹ̀ jẹ́ Nupe láti Bida, gbogbo kíláàsì kúkú ń pè é ní Bida, ó máa ń jókòó sẹ́yìn pátápátá bí ẹni tó ṣèèṣì wọlé. Ọ̀kan tún wà tí ìdílé wọn ti wà ní Jos látayé bàbá bàbá ẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, Yorùbá tiẹ̀ jinlẹ̀ débi pé nígbà míì èmi gan-an á bi í pé kí ló pè é yẹn, ṣùgbọ́n kó kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, wàhálà ni. Ọmọbìnrin kan sì wà, aláriwísí, tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà. Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ o, mo bá orúkọ yẹn lára ẹ̀ ni.

Ìwé tí mo yàn ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Kì í ṣe ìwé tí wọ́n yàn fún wa, èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á. Ọdún 1938 ni Fágúnwà gbé e jáde, bàbá mi sì ń kà á fún wa nílé wa ní Ìlọrin nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, ó dùn mọ́ mi nígbà yẹn débi pé ẹ̀rù ò jẹ́ kí n lè dá lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ lálẹ́. Mo wá rò ó pé ohun tó dùn mọ́ mi yẹn á dùn mọ́ àwọn ọmọ yìí náà. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣìnà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ká má parọ́, ó burú. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi ti gbó, ti bàbá mi ni, mo lọ ṣe fọ́tòkọ́pì orí méjì àkọ́kọ́ fún wọn ládùúgbò Phase 4, fọ́tòkọ́pì yẹn gan-an dúdú létí. Ẹ̀dà àtijọ́ tún ni, àkọtọ́ tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti ayé ijọ́un ṣáájú èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, "aiyé" ló kọ fún ayé, "enia" fún ènìyàn, "nwọn" fún wọ́n. Mo ní kí wọ́n máa kà á sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ìpínrọ̀ kan. Ọmọ àkọ́kọ́ dìde, ó dé "nwọn", ó dúró. Ó ní "en... en-wọn." Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Mo ní wọ́n ni, wọ́n. Ó ní, "Mà, kí ni 'n' ń ṣe níwájú nígbà náà?" Ìbéèrè gidi ni o, ṣùgbọ́n mo ní kó máa kà á lọ jàre. Ẹni tó tẹ̀ lé e náà dé "nwọn" tiẹ̀, ó fò ó bí ẹni fo kòtò. Gbólóhùn Fágúnwà kan sì lè gùn tó láti ibí dé Dutse Alhaji, nígbà tí ọmọ bá fi máa dé òpin ẹ̀ ó ti gbàgbé ta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú ìwé yẹn gan-an, ibi tó ti ń fi ìtàn ẹ̀ wé ìlù ògìdìgbó tó jẹ́ pé ọlọ́gbọ́n ló ń jó o, ìṣẹ́jú ogún la lò níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ògìdìgbó. Mo ṣàlàyé ṣàlàyé, mo tún fẹsẹ̀ jó díẹ̀, wọ́n kàn ń wò mí ni.

Lẹ́yìn tá a bá ti kà tán ni mo máa wá bi wọ́n: ta ni olú ẹ̀dá ìtàn? Kí ni kókó ọ̀rọ̀? Ẹ fún mi ní àfiwé mẹ́ta. Kíláàsì á pa rọ́rọ́. Ẹ mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ẹ ó máa gbọ́ ìró sóńsó bírò tí ẹnì kan ń tẹ̀ jáde tó tún ń tẹ̀ wọlé, kì-kà, kì-kà. Mo wá fún wọn ní asáímẹ́ǹtì lọ sílé: ẹ kọ ojú ìwé kan nípa ohun tí ìtàn yìí dá lé. Mẹ́rìnlá dé padà, mọ́kànlá nínú ẹ̀ ló ní ìlà kan náà gẹ́lẹ́, pé ìtàn yìí fi hàn wá pé ire máa ń borí ibi. Mọ́kànlá! Àmì ohùn tó wà lórí ẹ̀ gan-an dọ́gba, orí fóònù ni wọ́n ti rí i, ọ̀kan tiẹ̀ gbàgbé láti yọ nọ́ńbà tó wà níwájú ẹ̀. Inú bí mi. Mo ní kí àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá dìde dúró títí aago fi lù, mo ń rò ó lọ́kàn mi pé àwọn ọmọ ayé òde òní ò kàwé mọ́ ni. Mo ti sọ ọ́ fún tíṣà Hausa pàápàá nígbà tá a jọ ń jẹ masa lẹ́yìn gẹ́ètì. Ó kàn ní, "Madam, kí nìwọ náà bi wọ́n?" Mi ò dá a lóhùn. Mo rò pé ó fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín.

Ohun tó yí i padà kò ní ọgbọ́n kankan nínú. Mo gbàgbé awò ojú mi sílé.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọjọ́ Tuesday, ooru ti mú, mo ti dé kíláàsì kí n tó fọwọ́ kan báàgì tí mo rí i pé awò ò sí níbẹ̀. Láìsí awò, ìwé bàbá mi yẹn, èèrà lásán ló ń rìn lójú mi. Mo wá ní kí wọ́n pa fọ́tòkọ́pì dé, kí wọ́n sún mọ́ mi, mo jókòó sórí tábìlì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu sọ ọ́. Bí bàbá àgbàlagbà kan ṣe wá bá akọ̀wé níbi tó jókòó sí, tó ní kó mú gègé àti ìwé, kó máa kọ ohun tí òun bá sọ. Bí bàbá yẹn ṣe ní Àkàrà-ògùn lorúkọ òun. Bida gbé orí sókè látẹ̀yìn, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé mo pè é nìyẹn, ó ní, "Mà, ó dà bíi ti ìyá mi àgbà. Tó bá fẹ́ sọ ìtàn, á ní 'Ga ta nan, ga ta nan ku', àwa á ní 'Ta zo mu ji ta', ìyẹn ni pé ìtàn rèé o, kó wá ká gbọ́ ọ." Ọmọ Jos dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé "Àlọ́ o!" Gbogbo wọn ké "Àlọ̀!" Mo wá ní ẹ ṣé, ẹ ṣé, ògìdìgbó tí mo jó lọ́sẹ̀ yẹn náà nìyẹn, òun ni Fágúnwà ń lù ní ojú ìwé àkọ́kọ́ kó tó wọ inú igbó, ó fẹ́ mọ ẹni tó máa gbè é. Wọ́n ní ààà. Ìṣẹ́jú ogún tí mo ṣòfò ṣá.

Mo ń sọ ọ́ lọ. Mo sọ pé bàbá Àkàrà-ògùn jẹ́ ọdẹ, ìyá ẹ̀ jẹ́ àjẹ́, ìyá yìí ti pa àwọn ìyàwó yòókù àti ọmọ nínú ilé. Mo sọ bí bàbá ṣe yìnbọn fún ẹran ìgbẹ́ kan, tó tọ ipa ẹ̀jẹ̀ lọ, tí ẹ̀jẹ̀ mú un lọ mú un bọ̀ títí tó fi dé ilé ara ẹ̀, tó sì bá ìyàwó ẹ̀, ìyá Àkàrà-ògùn, ní òkú, apá kan èèyàn, apá kan ẹran. Mo fi ọwọ́ júwe ẹ̀ lára mi bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe é. Ọmọ kan ní "Jésù!" Mo dákẹ́ díẹ̀ kó wọlé sí wọn lára.

Lọ́yà wá ní, "Mà, ta ló sọ pé àjẹ́ ni?"

Mo ní Àkàrà-ògùn ni.

"Ta ló sọ fún Àkàrà-ògùn?"

Mo la ẹnu. Mo pa á dé. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, mo ti mọ ìwé yìí láti ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo kà á ní yunifásítì, mo ti kọ́ ọmọ míì rí, ìbéèrè yẹn ò kọjá lọ́kàn mi rí. Mo ní, "Mi ò mọ̀." Ẹ ẹ̀ rí bí ojú gbogbo wọn ṣe yí sí mi. Ó dà bí ẹni pé mo bọ́ bàtà. Ọmọ Jos dìde láìgba àṣẹ, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ní ká ka ẹnu. Ó kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù: Àkàrà-ògùn ló sọ fún akọ̀wé, akọ̀wé ló kọ ọ́, Fágúnwà ló gbé e jáde, àǹtí wa ló ń sọ ọ́ fún wa yìí láìsí awò ojú. Ẹnu mẹ́rin. Lọ́yà ní, "Ẹnu ìyá yẹn dà?" Ọmọ Jos fa ìlà gígùn kan sísàlẹ̀, kò kọ nǹkan kan sí i. Aago lù, wọn ò dìde. Kíláàsì tí mo kọ́ fún ọdún mẹ́fà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí aago máa lù tí wọn ò ní dìde.

Mo ronú gan-an lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tún rántí masa tá a jẹ àti ohun tí tíṣà Hausa bi mí. Gbogbo ohun tí mo ti ń bi àwọn ọmọ yẹn, mo ti mọ ìdáhùn ẹ̀ kí n tó la ẹnu, àwọn náà mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n, kí wá ni wọ́n fẹ́ máa sọ? Wọ́n kàn ń wá ìdáhùn tó wà nínú orí mi ni, fóònù sì yá wọn ju orí mi lọ. Mo tún rántí pé èmi alára ò ka ìwé yìí ní kékeré, etí ni mo fi gbọ́ ọ, bàbá mi á sì máa dúró bi wá pé tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọdẹ yìí ṣé ẹ máa wọlé padà? Kì í sọ bóyá a gbà á tàbí a ṣì í.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo ní a máa dá ẹjọ́: ṣé bàbá Àkàrà-ògùn jẹ̀bi ikú ìyàwó ẹ̀? Òfin kan ṣoṣo ni mo fi lélẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan láì fi ibi tó wà nínú ìwé hàn wá. Ẹ lè fi Gẹ̀ẹ́sì gbè é, ẹ lè fi Hausa gbè é, ṣùgbọ́n ìlà tẹ́ ẹ bá fi jẹ́rìí, Yorùbá inú ìwé ni, ẹ kà á sókè. Ẹ wá wo fọ́tòkọ́pì dúdú yẹn! Àwọn tí wọ́n ń sá fún "nwọn" lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ń fi ìka tọ̀ ọ́. Ẹnì kan ní bàbá yẹn ti mọ̀ pé ìyàwó òun ni, ẹnì kejì ní kó fi hàn, wọ́n jọ dorí kodò sínú ìwé kan náà, wọ́n ń ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ń jà lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, mo kàn jókòó. Wọ́n wá pè mí pé, "Mà, ẹ wá bá wa ka èyí, ohùn ẹ̀ ń ṣe wá." Fún oṣù kan mo ti ń pariwo àmì ohùn, àmì ohùn, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn, ìgbà tí wọ́n fẹ́ fi bá ara wọn jà ni wọ́n wá bi mí.

Ó wá ní ibì kan tí eré dúró. Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní ìyá àgbàlagbà kan wà ní kọ́ḿpáùndì wọn ní Nyanya, ọmọ kan ní ibà, gbogbo èèyàn ní ìyá yẹn ni, wọn ò jẹ́ kó pọn omi mọ́, nígbà tí wọ́n gbé ọmọ lọ sí ọsibítù wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni. Ó ní kò sẹ́ni tó lọ bẹ ìyá náà. Ó jókòó padà. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Mi ò fi nǹkan kan kún un, mo rò pé tíṣà máa ń ba irú ibẹ̀ yẹn jẹ́ tó bá la ẹnu.

Ẹ gbọ́, mi ò tíì sọ ti fèrèsé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹrin yẹn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin délé lọ ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ àti òkú apá kan èèyàn apá kan ẹran fún àwọn òbí ẹ̀ níbi oúnjẹ alẹ́, ọlọ́gbọ́n ọmọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì bàbá ẹ̀ pè mí. "Madam, ẹ ẹ́ jọ̀ọ́, ilé Ọlọ́run la ti tọ́ ọmọ yẹn, mi ò lè máa san owó iléèwé kí wọ́n máa kọ́ ọ ní àjẹ́ àti ẹbọra." Mo kí i dáadáa, mo ní ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo ní ẹni tó kọ ìwé yìí, Dáníẹ́lì ni, onígbàgbọ́ ni, St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ ló ti kọ́ṣẹ́ tíṣà, ìwàásù tó wà nínú ìwé náà pọ̀ débi pé àwọn ọmọ ń bẹ̀ mí pé ká fò ó. (Mo sì ń fò ó. Àwọn kan á bínú sí mi lórí ìyẹn, kí wọ́n máa bínú.) Mo ní ẹ tiẹ̀ wo orúkọ ẹ̀ sà, Dáníẹ́lì níwájú, Fágúnwà lẹ́yìn, Bíbélì àti Ifá nínú orúkọ èèyàn kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ẹ̀ ṣe rí. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Mo gbọ́, àǹtí. Ṣùgbọ́n rárá."

Ọmọ ẹ̀ ni o, mo ṣe bó ṣe fẹ́. Mo fún ọmọ náà ní ìwé àlọ́ ìjàpá, mo ní kó máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà ní kọ́rídọ̀ títí a ó fi ṣe tán. Bẹ́ǹṣì yẹn, ẹ̀yin náà ti mọ ibi tó wà.

Ọjọ́ ìdìbò, ọmọ mẹ́tàlá ló wà nínú yàrá. Mẹ́fà ní bàbá jẹ̀bi. Mẹ́fà ní kò jẹ̀bi. Ó ku Bida, Bida ní òun ò dìbò, ó ní Yorùbá òun ò tíì tó èyí tí wọ́n fi ń dá èèyàn lẹ́bi. A ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí ohùn kan wọlé látita: "Ó jẹ̀bi!" Gbogbo wa yíjú. Ọmọ bẹ́ǹṣì ti fi ọwọ́ méjèèjì di irin fèrèsé mú, ojú ẹ̀ wà láàárín irin bí ẹni wà ní àtìmọ́lé, ìjàpá ti já sílẹ̀. Ariwo ta. Àwọn tí wọ́n ní kò jẹ̀bi ní ìbò yẹn ò wọlé, ẹni tó wà níta ti wà níta, kò ka ìwé. Lọ́yà ní ọ̀rọ̀ dé, ó ní ìwé wo ni akọ̀wé yẹn kà, ṣé kì í ṣe etí lòun náà fi gbọ́ ọ? Ó ní tí etí bá tó láti kọ ìwé, ó tó láti dìbò. Kíláàsì dàrú. Mi ò yanjú ẹ̀, títí di òní mi ò yanjú ẹ̀, ó wà lórí bọ́ọ̀dù fún ọjọ́ mẹ́ta, 6 – 6 – Bida – fèrèsé, tíṣà físíìsì tó ń lo yàrá yẹn lẹ́yìn wa béèrè lọ́wọ́ mi pé irú ìṣirò wo nìyí.

Àríyànjiyàn yẹn ló fún mi ní iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e. Mo pín wọn ní méjì-méjì, ẹnì kan àgbà, ẹnì kan akọ̀wé. Àgbà á sọ ìtàn kan tó gbọ́ nílé, akọ̀wé ò gbọ́dọ̀ dá a dúró, ó kàn máa kọ, lẹ́yìn náà akọ̀wé á kà á síta, àgbà á sọ bóyá ohun tóun sọ nìyẹn. Ọmọ Jos jẹ́ àgbà, ó sọ bí bàbá bàbá ẹ̀ ṣe wọ rélùwéè láti Ọ̀fà lọ sókè Ọya pẹ̀lú àpótí kan. Akọ̀wé ẹ̀ dìde, ó kà á: bàbá náà wọ rélùwéè pẹ̀lú adìẹ méjì. Ọmọ Jos fò dìde. "Adìẹ wo? Mo ní àpótí!" Akọ̀wé ẹ̀ ò tijú rárá, ó ní, "Adìẹ dùn ju àpótí lọ." A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ẹ ẹ̀ ní gbàgbọ́ pé látọjọ́ yẹn, tá a bá ti ka nǹkan kan tó ṣàjèjì nínú ìwé, ẹnì kan á ní "adìẹ nìyẹn o," pé akọ̀wé ti fi tiẹ̀ kún un. Mo mọ àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n fi ojú ìwé ọgọ́rùn-ún ṣàlàyé ohun tí ọmọ yẹn fi adìẹ méjì sọ.

Nígbà tá a dé ibi tí àwọn ọdẹ ń múra àtilọ sí Òkè Láńgbòdó, tí Kàkó pa obìnrin tó di mọ́ ọn mú pé kó má lọ, mi ò ní láti béèrè nǹkan kan. Àwọn ọmọbìnrin dá tiwọn sílẹ̀ lápá kan, wọ́n ní èyí ti di ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹnu obìnrin yìí náà dà? Àwọn ọkùnrin ní ẹ jẹ́ ká lọ sókè yẹn ná. Ìjà ọjọ́ méjì.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé HOD, olórí ẹ̀ka wa. Ó wá yẹ nóòtì wò ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ó ṣí ìwé Lọ́yà, ohun tó bá níbẹ̀ ni "ẹ̀rí ìkejì, ojú ìwé kẹwàá, ìlà karùn-ún láti ìsàlẹ̀." Ó ní níbo ni kókó ọ̀rọ̀ wà? Níbo ni ìbáyému? Ó ní eléyìí kì í ṣe nóòtì. Mo bẹ̀ ẹ́, ọjọ́ kejì mo pe nóòtì ojú ìwé méjì fún wọn, wọ́n kọ ọ́, wọ́n pa á dé, wọ́n ní mà, ṣé a lè padà sí ẹjọ́ báyìí?

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo sọ̀rọ̀ ẹni tó kọ ọ́. Mo ti ń fojú kéré ibẹ̀, ta ló fẹ́ gbọ́ ọdún tí wọ́n bí èèyàn? Mo kàn kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù: Òkè-Igbó, 1903. Ìwé àkọ́kọ́, 1938. Soyinka túmọ̀ ẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, 1968. Ikú, odò ló gbé e lọ ní Wuya, 1963. Mo ti fẹ́ nù ún kúrò nígbà tí mo gbọ́ tí àga wọ́ lẹ́yìn.

"Mà. Wuya wo?"

Mo ní Wuya tó wà lọ́nà Bida.

Bida dìde dúró gan-an. "Wuya wa?"

Gbogbo kíláàsì yíjú sẹ́yìn. Ọmọ tó ti ń jókòó láti oṣù kẹsàn-án bí àlejò, tó kọ̀ láti dìbò torí Yorùbá ẹ̀ ò tó, wọ́n ń bi í ní ìbéèrè lóríṣiríṣi, báwo ni odò yẹn ṣe rí, ṣé ó jìn, ṣé àwọn èèyàn ibẹ̀ mọ̀? Ó ń dá wọn lóhùn, Yorùbá, Nupe, Gẹ̀ẹ́sì, ó da gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ó ní ìyá òun ti sọ fún àwọn kí wọ́n má ṣeré létí ibẹ̀ nígbà òjò. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ fóun rí pé òǹkọ̀wé kankan kú síbẹ̀. Lọ́yà ní, "Ẹ̀yin lẹ pa á nígbà náà," ó ní, "A máa dá ẹjọ́ yẹn." Bida rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sórí ìwé ẹnì kejì.

Ìdánwò dé. Ìbéèrè kẹta tí mo fún wọn ni pé tí wọ́n bá fún ìyá Àkàrà-ògùn ní ẹnu, kí ni ì bá sọ, kí wọ́n sì fi inú ìwé gbè é lẹ́sẹ̀. Gbogbo wọn kọ́ ló ṣe é dáadáa o. Àwọn mẹ́ta kọ nǹkan tí mi ò tíì mọ ohun tó jẹ́ títí di báyìí, ẹnì kan tún gbé "ire borí ibi" wá fún mi, ọmọ yẹn ò ní yí padà láyé. Lọ́yà kọ ojú ìwé kan ààbọ̀, àmì ohùn ẹ̀ wà níbi tó wù ú, ìlà tó fi bẹ̀rẹ̀ ni "Wọ́n ní èmi ni mo pa èèyàn, ṣùgbọ́n èmi ni ẹ̀jẹ̀ ń ro lára mi." Mo fún un ní mẹ́tàdínlógún nínú ogún. HOD ní ó pọ̀ jù fún ẹni tí kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ, mo ní mo gbọ́, mi ò yí i. Ọmọ bẹ́ǹṣì, mo fún un ní ìbéèrè tiẹ̀ lórí ìjàpá bí mo ṣe ṣèlérí fún bàbá ẹ̀. Ó dáhùn ẹ̀ dáadáa. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ó fi lẹ́tà kéékèèké kọ ọ́ pé: mà, ẹ ka ìbò mi.

Ọjọ́ kẹta ọdún tuntun, mo wà ní Ìlọrin, voice note kan wọlé lórí WhatsApp. Bida ni. Ó ní, "Mà, ẹ kú ọdún, mo wà létí odò." Lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ló ń fẹ́ lu fóònù, obìnrin kan ń pe ẹnì kan ní Nupe lókèèrè. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbólóhùn ògìdìgbó yẹn, láti orí, láìwo ìwé, ohùn ẹ̀ ṣì í ní ibi méjì. Mo gbé fóònù fún bàbá mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní kí n tún un fi sí i.